Ẹnu Wọ́, Ojú Kò Ṣeé Dì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìdánrawò Ojú àti Ẹnu

Iṣẹ́ físíò (physiotherapy), ìyẹn fífi ìdánrawò tún ara tó rọ kọ́, ni mo ń ṣe láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà. Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́, lórí bẹ́ǹṣì, lórí fóònù, nígbà mìíràn nínú mọ́tò pàápàá. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè sinmi ẹnu.

Kí ni ìdánrawò ojú àti ẹnu?

Ọ̀nà tí a fi ń tún ẹran ojú kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí àìsàn bá ti mú kó gbàgbé. Àwọn iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa: dídijú, fífajúro, yíyínmú, sísúfèé, pípòṣé. Gbogbo wọn ló ti ní orúkọ nínú èdè wa kí físíò tó dé.

Kì í ṣe eré agbára. Ẹni tó ń gbé irin ń fẹ́ kí apá òun ki. Ẹni tó ń kọ́ ojú rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹran tó pè nìkan dáhùn, kí èyí tí kò pè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Mo jí láàárọ̀, ẹnu mi ti wọ́. Ṣé rọpárọsẹ̀ (stroke) ni?

Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè má jẹ́ òun. Ẹ má jókòó sílé máa rò ó. Tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ pẹ̀lú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ra, tí ojú kò bá ríran dáadáa tàbí tí orí ń fọ́ lọ́nà tí kò fọ́ rí, ọsibítù ni tààrà, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún ẹni náà ní omi mu, ẹ má fún un ní àgbo. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Àmì kan wà tí dókítà máa ń tètè wò: iwájú orí. Wọ́n á ní kí ẹ gbé irun òkè ojú sókè bí ẹni tí ẹnu yà. Apá òkè ojú ń gba àṣẹ láti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ méjèèjì, nítorí náà tó bá jẹ́ inú ọpọlọ ni àìsàn wà, iwájú orí ṣì máa ń hunjọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ti wọ́. Tí iwájú orí náà bá ń dán bọ̀rọ́, tí kò hunjọ ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, iṣan ojú fúnra rẹ̀ (nerve, okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹran ojú) ló sábà máa ń ní ìṣòro. Dókítà ló ni àmì yìí o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń wò, kì í ṣe kí ẹ fi dá ara yín lẹ́jọ́ nílé.

Wọ́n ní ẹ̀mí àìrí ló gbá mi létí lójú oorun. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹni tó sọ pé wọ́n gbá òun létí kò jìnnà sí òótọ́ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìdí etí ni. Ìsọ̀rí iṣan méjìlá, méjì-méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló jáde láti inú ọpọlọ, ìkeje wọn ló ń gbé àṣẹ lọ sí ẹran ojú. Kó tó dé ojú, ó máa gba inú ihò tóóró kan nínú egungun tó wà nídìí etí. Tí iṣan náà bá wú nínú ihò yẹn, egungun kò ní yà fún un, ara rẹ̀ ló máa fún. Gílóòbù kò jó, iná wà lórí òpó, wáyà tó wọlé ni nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kòkòrò àrùn tó ń fa egbò wẹ́wẹ́ sí ètè ni àwọn onímọ̀ ń fura sí jù pé ó ń mú un wú. Bell's palsy ni orúkọ rẹ̀ ní ọsibítù, láti ara Charles Bell, dókítà ará Skọ́tlándì tó ṣàlàyé iṣan yìí ní 1821. Nínú èèyàn 100,000, nǹkan bí 20 sí 30 ló máa ń ṣe lọ́dún kan. Ó wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti aboyún tó ti wọ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Ṣé ìdánrawò nìkan ò tó, kí n má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Kò tó. Oògùn tó ń mú kí iṣan tó wú fà sẹ́yìn wà, prednisolone, ó sì ní àkókò tirẹ̀: ó dára kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72 tí ojú rọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Skọ́tlándì, tó jáde ní 2007, nǹkan bí 94 nínú 100 àwọn tó lò ó ni ojú wọn ti padà sípò pátápátá lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Láàárín àwọn tí kò lò ó, nǹkan bí 82 ni. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín. Ó máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà alátọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ lọ rà á fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísìtì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pẹ̀lú gbẹ́rẹ́ tútù lẹ́rẹ̀kẹ́. Àkókò oògùn ti kọjá, ojú gbẹ́rẹ́ sì ti ń ṣe ọyún.

Tí ẹ bá rí ìléròrò wẹ́wẹ́ nínú etí tàbí létí ihò rẹ̀, tí etí sì ń ro yín, ẹ tètè sọ fún dókítà. Irú èyí tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ojú tó ń rọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ náà kì í ṣe Bell's palsy. Ó yẹ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.

Ojú mi kò dì, kódà tí mo bá sùn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi ẹnu tó wọ́ sílẹ̀ ná, kí ẹ tọ́jú ojú. Ẹnu wíwọ́ kì í fọ́ni lójú, ojú tó gbẹ lè fọ́. Ní ọ̀sán, ẹ máa kán oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bí omijé sí i lóòrèkóòrè, bí dókítà bá ti kọ ọ́. Lálẹ́, ẹ fi oògùn ojú tó ki sí i, kí ẹ fi ọwọ́ fa ìpéǹpéjú wálẹ̀, kí ẹ wá fi pílásítà rírọ̀ tí wọ́n ń lò ní ọsibítù dì í. Ẹ rí i dájú pé ojú ti dì kí pílásítà tó kan awọ, kó má lọ máa ha ẹyinjú.

Ẹ wọ awò ojú tí ẹ bá ń jáde, pàápàá nígbà ọyẹ́ àti lórí ọ̀kadà. Tí ojú bá pọ́n, tó ń dun yín, tàbí tí ìríran bá ṣókùnkùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ rí oníṣègùn ojú.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò?

Nígbà tí ojú bá ṣì rọ pátápátá, tí kò mira rárá, ìtọ́jú ojú àti fífọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kàn. Tí ẹ bá ń fipá mú ojú tí kò ì gbọ́ àṣẹ, ẹ̀gbẹ́ tó dá ni ẹ ń kọ́ ní ìwàkuwà. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé igun ẹnu ta pọ́ún, bí ẹja tó kan ìwọ̀, ọjọ́ náà ni ìdánrawò gidi bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni mo ti lè rí físíò nítòsí?

Ní Ifẹ̀, ọsibítù tíṣìn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka físíò. Ní Iléṣà, ọsibítù Wesley Guild wà, abẹ́ ọsibítù tíṣìn kan náà ló sì wà. Yunifásítì náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn físíò níṣẹ́. Ẹ mú káàdì ọsibítù yín dání, pẹ̀lú fọ́tò ojú yín kí àìsàn tó dé. Fọ́tò ìgbéyàwó dára, torí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ fọwọ́, kí ẹ jókòó síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ti ń wọlé. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á láti àgbọ̀n lọ sí ìdí etí, láti igun ẹnu lọ sókè. Ẹ má fi róòbù sí i. Ojú tí kò lè ṣẹ́ kò lè sá fún nǹkan tó ń ta.

Ó wá kan ìdánrawò. Ẹ gbé irun òkè ojú sókè. Ẹ wo ilẹ̀, kí ẹ tó dijú. Ìpéǹpéjú máa ń rọrùn láti wálẹ̀ tí ẹyinjú bá ti kọ́kọ́ wálẹ̀. Ẹ yínmú, bí ẹni tí wọ́n dá iye tí kò bójú mu lé ọjà fún. Ẹ ṣu ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ fẹ́ iná ààrò. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ láìfi eyín hàn. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ dúró níbẹ̀ títí ẹ fi ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kí ẹ wá jẹ́ kí ojú sinmi kó tó kan òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ti tó, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó dá. Òun ló máa fa gbogbo ẹnu lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìka kan dì í mú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ìka kejì ran ẹ̀gbẹ́ tó rọ lọ́wọ́ gòkè. Tí ẹ̀gbẹ́ tó rọ kò bá lè lọ ju ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo kan, ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo kan náà ni kí ẹ̀gbẹ́ tó dá lọ.

Ìyá kan tó ń ta iyán ní Lágere, ní Ifẹ̀, fi bí wọ́n ṣe ń gún iyán ṣe ìdánrawò tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Eyín á sé pa, ọrùn á le, ojú á pọ́n. Mo ní kó fi ìbòrí rẹ̀ bo ìlàjì dígí, kó máa wo ẹ̀gbẹ́ tó rọ nìkan, kó sì ṣe é bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ tó sùn jí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, ló bá pòṣé, pòṣé tó dún ketekete. Ó ní òun kò tiẹ̀ rántí bú ọlọ́kadà náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kò já gaara. Kí ni mo lè fi ṣe ìdánrawò ọ̀rọ̀?

Àwọn ìró tó nílò ètè ló máa ń bàjẹ́: b, f, m, w, àti gb pẹ̀lú p tiwa, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń sé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ètè kan bá rọ, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ jò, "gbogbo" á wá dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú àpò. Ohùn kò lọ ṣá. Ọ̀nà ọ̀fun ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ti ń wá, kì í ṣe ètè. Nítorí náà, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yín ṣì yàtọ̀ síra. Ẹ má pariwo, ẹ dín eré ọ̀rọ̀ kù, àwọn èèyàn á gbọ́ yín.

Fáwẹ̀lì wa ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, torí méjì-méjì ni wọ́n wà. Ẹ pe i, kí ètè fẹ̀. Ẹ pe u, kí ètè ká jọ. Ẹ tún lọ sí e àti o, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ àti ọ, kí ẹ wá fi a la ẹnu. Díẹ̀díẹ̀, níwájú dígí: i, u, e, o, ẹ, ọ, a. Ìdánrawò ètè pípé nìyẹn, gbogbo ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀: bàbá, fìlà, màmá, pápá, gbàgbé, wàrà. Tó bá ti rọrùn, ẹ gbìyànjú "ọ̀bọ gbé ọ̀bọ gun ọ̀pẹ" tí a fi ń dán ara wa wò ní kékeré. Bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tí mo tọ́jú kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé tó ń pe ọ̀bọ. Oríkì ilé wọn ló ń kà fún dígí láràárọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ bákan náà.

Omi ń dà lẹ́nu mi, oúnjẹ sì ń há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń ti oúnjẹ padà sáàárín eyín. Ó ti rọ ni kò ṣe tì í mọ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó dá jẹun, òkèlè kéékèèké, kí ẹ má sọ̀rọ̀ síi. Tó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà ni, igun ẹnu tó dá ni kí ẹ fi ọ̀rá rẹ̀ sí, kí ẹ fi ìka ti ètè tó rọ pa. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ sì fi ìka wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti bá èérún ẹran àná níbẹ̀ rí.

Ṣé ṣingọ́ọ̀mù tàbí bàlúùnù fífẹ́ ń ràn án lọ́wọ́?

Rárá. Ẹran tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹran tó rọ. Iṣan mìíràn, ìkarùn-ún, ló ń darí ìjẹun, kò sì ṣàìsàn. Ti bàlúùnù tún burú jù ú lọ: agbára ńlá, kò sí ìdarí, gbogbo ojú á ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ ojú ní àṣà tí mo máa sọ nísàlẹ̀, tí yóò wá ṣòro láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ oníná tó ń ta lójú ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ń béèrè fún un torí pé wọ́n ń rí i tí ojú ń mira, owó wọn sì dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí pé ó ń mú kí ojú tètè padà kò lágbára, àwọn kan lára wa sì ń bẹ̀rù pé ó lè mú kí ojú máa ṣiṣẹ́ gbájọ. Èmi kì í lò ó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Ẹ má ra ti ọjà láti lò nílé.

Yóò ti pẹ́ tó kí ojú mi tó padà?

Nínú 100 èèyàn tó ní Bell's palsy, nǹkan bí 70 ni ojú wọn ń padà sípò pátápátá kódà láìlo oògùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ máa ń rí i kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mira láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí nǹkankan, ó yẹ kí dókítà tún yẹ̀ yín wò dáadáa. Iṣan tó ya máa ń hù padà ní nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́, èyí ni kò ṣe ṣeé lé.

Wọ́n kọ "House-Brackmann IV" sínú fáìlì mi. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Òṣùwọ̀n ni, láti 1985, orúkọ dókítà méjì tó gbé e kalẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. I ni ojú tó pé, VI ni èyí tí kò mira rárá. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì wà láàárín III àti IV: ní III, ojú ṣì ń dì tí ẹ bá sapá, ní IV, kò dì tán. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ IV, ẹ padà lọ ka ohun tí mo sọ nípa oògùn ojú.

Ojú mi ti padà, ṣùgbọ́n tí mo bá rẹ́rìn-ín, ojú mi kan ń dì. Ṣé kí n fi kún ìdánrawò?

Ẹ dín in kù ni. Nígbà tí iṣan ń hù padà, okùn rẹ̀ kan tó yẹ kó lọ sí ẹnu lè ya sí ojú. Ẹ wá pe ẹnu, ojú sì jẹ́. Ó sábà máa ń yọjú láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, àwọn tó sì ń fi agbára ṣe ìdánrawò ni mo ń rí i lára wọn jù.

Ìtọ́jú rẹ̀ ń bá sùúrù rìn. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ gan-an, kí ẹ máa wo ojú nínú dígí. Ibi tí ojú bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ẹ dúró, ẹ dín ẹ̀rín kù títí ojú á fi là padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Fífa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti le pẹ̀lú ọwọ́ náà wúlò. Àwọn oníṣègùn àkànṣe lè fún ẹran tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ Botox láti mú un dákẹ́ fún oṣù díẹ̀.

Omijé ń dà lójú mi nígbàkigbà tí mo bá ń jẹun. Inú mi ò bàjẹ́.

Ìbátan èyí tó wà lókè yìí ni. Okùn iṣan tó yẹ kó mú itọ́ wá ló ṣìnà lọ sí ibi tí omijé ti ń wá. Òórùn iyán dé, ojú ń sunkún. Ìdánrawò kì í wò ó. Tó bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún dókítà.

Rọpárọsẹ̀ ló ṣe bàbá mi. Ṣé ìdánrawò kan náà ni?

Ó jọra, kò dọ́gba. Lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe, iṣan ojú ṣì wà láàyè, ọpọlọ ni kò rán iṣẹ́ dáadáa mọ́, nítorí náà àṣetúnṣe púpọ̀púpọ̀ lójúmọ́ ń ràn án lọ́wọ́ ju ti Bell's palsy lọ. Ahọ́n náà wọ inú rẹ̀: yíyọ ọ́ síta, gbígbé e lọ sí igun ẹnu méjèèjì, fífi orí rẹ̀ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti inú.

Kí ẹ tó ronú ẹ̀rín, ẹ wo bó ṣe ń gbé nǹkan mì. Tó bá ń wúkọ́ lẹ́yìn omi, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, tí ibà sì ń mú un láìmọ ìdí, ẹ má fún un ní omi ṣàn-ín mọ́ títí wọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e jókòó dáadáa kó tó jẹun, kó sì wà ní ìjókòó fún bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dun ọmọ láti fi omi du bàbá rẹ̀.

Ó ti pé ọdún méjì. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Tí ojú bá ń mira, bó ti wù kó kéré tó, a ṣì lè kọ́ ọ. Mo ti rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ sì tọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò padà sí ti ìgbéyàwó. Tí kò bá mira rárá láti ọdún kan sẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ kàn: wọ́n lè gbé iṣan tàbí ẹran láti ibòmíràn wá fún ẹnu, wọ́n sì lè fi ìwúwo kékeré kan tí wọ́n fi wúrà ṣe sínú ìpéǹpéjú òkè kí ojú lè máa dì fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ìwé ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ ojú.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi fóònù ká fídíò ara yín, ní wákàtí kan náà, níwájú fèrèsé kan náà: ìdijú, ẹ̀rín, súfèé, i-u. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wo dígí lójoojúmọ́ kì í rí àyípadà, èmi náà kì í sì í rántí bí ojú yín ṣe rí lóṣù tó kọjá.